Bí Alága Ṣótúndé Ṣe Pín Ilẹ̀ Ojú Ọ̀run

Bí ẹ bá gba France Road wọ Niger Street ní Sabon Gari, Kano, tí ẹ sì fẹ́ béèrè ẹni tó ń ṣe olórí àwọn ọmọ Yorùbá ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ẹ máa jókòó sí. Ìdáhùn náà gùn. Alága Ṣótúndé kì í jẹ́ orúkọ lásán bí èmi àti ẹ̀yin. Oyè ló ń jẹ́, oyè náà sì pọ̀ débi pé Collins, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, máa ń mu omi kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: "Olóyè Alàgbà Alága, Òpó tó gbé Niger Street ró, Fìtílà Sabon Gari, Baba ẹni tó ní baba àti ẹni tí kò ní, Ọgbọ́n tó ju ti ìwé lọ, Ẹ̀rù tí í ba olè, Kánsẹ́lọ̀ ọ̀la."

Kò sí ọba kan tó fi í jẹ ọ̀kankan nínú wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi wọ́n jẹ ara rẹ̀, bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ láìtọ́ ọ wò. Ó wá ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá Alága sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ pé ilé ń jó, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka oyè náà tán láìfo ọ̀kan. Ẹni tó bá fo ọ̀kan, Alága kò ní gbọ́ ohun tó ń sọ. Ẹni tó bá sì kà á pé, Alága gbọ́dọ̀ jẹ́ kó sọ tiẹ̀ dópin. Apá kejì yìí ni kò ronú sí dáadáa, nítorí ó dá a lójú pé kò sí ẹni tó lè kà á pé àyàfi Collins, Collins kò sì ní ohunkóhun láti sọ.

Bí Alága bá wọ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́. Bí ó bá jókòó, wọ́n á tún un pa. Bí ó bá wúkọ́, gbogbo ilé á ní "ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà," ẹni tí kò bá sì sọ ọ́ á wà lórí ìdúró títí ìpàdé á fi tú ká. Lọ́jọ́ kan tí ọ̀fìnkìn mú un, ìkíni náà sú àwọn èèyàn, ìdajì ẹgbẹ́ ló sì fi ẹsẹ̀ wíwú lọ sílé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwa náà la yàn án.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ Alága lọ́kàn. Sáà rẹ̀ kejì ti ń parí lọ, òfin ẹgbẹ́ sì sọ pé kò sí ẹni tó lè lo sáà kẹta, àfi ẹni tó bá ṣe ohun tí ọmọ òpópónà náà kankan kò ṣe rí. Àwọn àgbà tó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ti kú, a ò sì lè bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Mobọ́lájí, tó ń ta táyà ní France Road, ti ń dán bàtà rẹ̀ sílẹ̀ de àga. Bí Alága bá rántí pé ọjọ́ ń bọ̀ tí òun máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn tó kù, á lọ jókòó sórí àga rẹ̀ nígbà tí kò sí ìpàdé.

Nítorí náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí ẹnì kankan kò ṣe rí. Ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìjókòó. Wọ́n rán an létí pé wòlíì ìjọ Àládùúrà tó wà nísàlẹ̀ òpópónà ti wàásù jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ ìkórè, ó tún kọrin lé e. Ó wọ agbádá, ó gun ràkúnmí gba Niger Street kọjá, ó ń juwọ́ sí àwọn èèyàn. Wọ́n ní Rahinat aránṣọ ti gun ràkúnmí lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, àti pé ràkúnmí ti Rahinat kò gbé e jù sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì. Lẹ́yìn náà ó ní òun máa dákẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Èyí nìkan ni ì bá ṣe gbogbo wa láǹfààní, ṣùgbọ́n kò lè ṣe é di ọ̀sán.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí òjò ti kásẹ̀ nílẹ̀ tí ọyẹ́ kò sì tíì dé, Collins wá sọ fún un pé ẹnì kan wà lórí òrùlé gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ náà gbóná lára Alága. Inú gbọ̀ngàn yẹn ni àga rẹ̀ wà, ẹni tó bá sì dúró lórí òrùlé, orí àga ló dúró lé. Ó di súyà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́wọ́ Kàdírì alásúyà mọ́wọ́, ó gun àkàbà, Collins ń tì í láti ẹ̀yìn.

Bọ́sẹ̀dé ni wọ́n bá níbẹ̀. Bọ́sẹ̀dé ló ni ilé oúnjẹ tó wà ní ìkángun òpópónà, ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín rẹ̀ ni gbogbo òṣìṣẹ́ agbègbè náà ń jẹ lọ́sàn-án. Ó kàwé físíìsì ní yunifásítì kó tó dá ilé oúnjẹ sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tó fi ń gé àlùbọ́sà lọ. Ó gbé ọ̀pá funfun gbọọrọ kan kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ irin, ó kọ ojú rẹ̀ sí ọ̀run, ó so kámẹ́rà mọ́ ìdí rẹ̀. Awò tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ ni. Okùn kan ti ara kámẹ́rà náà wọ inú kọ̀ǹpútà tó gbé lé ẹsẹ̀.

"Ta ló fún ọ láṣẹ láti dúró lórí àga?" Alága bi í.

Bọ́sẹ̀dé bẹ̀rẹ̀ oyè bí òfin ṣe wí. Ó ṣì í kó tó dé ìdajì, ṣùgbọ́n Alága fẹ́ mọ ìdí ọ̀pá náà, ó ní kó máa bọ̀.

"Fọ́tò ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ni mò ń yà, sà. Galaxy. Ìràwọ̀ ni wọ́n o, wọ́n pọ̀ bí yanrìn, ṣùgbọ́n wọ́n jìnnà débi pé gbogbo wọn á kàn dà bí èéfín díẹ̀ báyìí. Ojú lásán ò lè rí i. Kámẹ́rà yìí ló máa tẹjú mọ́ ọn, á yà á, á tún un yà, èmi á wá kó gbogbo fọ́tò náà lé ara wọn lórí, kó tó máa yọ díẹ̀díẹ̀. Iná Sabon Gari yìí ló ń bà á jẹ́. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ, èmi nìkan ni mo máa ń dúpẹ́ ní gbogbo Kano. Mo ti ń lé ọ̀kan láti ọdún tó kọjá. Tí mi ò bá rí i yà báyìí, tí ọyẹ́ bá fi dé, eruku á bo ojú ọ̀run, ó di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn nìyẹn."

Nínú gbogbo èyí, ohun kan ṣoṣo ni Alága fẹ́ mọ̀. "Ǹjẹ́ ẹnì kan ti ṣe é rí ní òpópónà yìí?"

"Èmi náà ò tíì rí i yà. Ta ló tún ráyè?"

Alága gbàgbé pé òun náà dúró lórí àga. Ó nawọ́ sí ọ̀pá náà. "Èmi ni màá yà á," ó wí. "Níbo ni wọ́n ń fojú sí?"

"Kámẹ́rà ló wà níbi tí wọ́n ń fojú sí, sà. Ẹ jẹ́ n lọ mú awò kékeré tí wọ́n fi ń wò ó wá nísàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ṣé ẹ ti rí i rí kí wọ́n ní kí ọ̀gá má fọwọ́ kan nǹkan, kí ọ̀gá má sì fọwọ́ kàn án? Bọ́sẹ̀dé kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí Alága fi yọ kámẹ́rà náà kúrò nídìí awò. Ó wo inú rẹ̀, ó rí gíláàsì pẹlẹbẹ kan tó ń dán. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ihò ni tàbí ó dí. Àtàǹpàkò tó fi ń mú súyà, tí òróró àti yájì, ata tí Kàdírì ń bu sí súyà, ṣì wà lórí rẹ̀, ni ó kì bọ inú kámẹ́rà náà, ó sì tẹ gíláàsì yẹn mọ́lẹ̀ dáadáa, bí ẹni tó ń dìbò. Lẹ́yìn náà ó dá kámẹ́rà padà sáyè rẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Collins rí gbogbo rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀, nítorí àìsọ̀rọ̀ gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí Bọ́sẹ̀dé padà dé, Alága ní òun kò fojú wo nǹkan kan mọ́, bọ́tìnnì ni òun fẹ́ tẹ̀. Bọ́sẹ̀dé gbà kí ó tẹ̀ ẹ́, kó lè tètè máa lọ. Kò pẹ́, fọ́tò yọ lójú kọ̀ǹpútà. Láti etí kan dé èkejì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń yí po ara wọn, wọ́n ń yí wọ àárín bí omi tó ń wọ ihò.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tẹ̀ka rí ti mọ ohun tó jẹ́. Àtàǹpàkò Alága ni. Ṣùgbọ́n Alága kò rí i tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí, kò sì dá a mọ̀.

"Collins," ó wí jẹ́jẹ́, "mo ti rí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀."

"Ẹ ti rí i, sà. Ó tóbi gan-an."

"Ó ju ti àwọn òyìnbó lọ."

"Ti àwọn òyìnbó ò dé ibì kankan níbẹ̀, sà. Wọ́n kàn ń tiraka ni."

Bọ́sẹ̀dé tẹjú mọ́ fọ́tò náà, ó yí awò díẹ̀, ó ya òmíràn. Ìlà náà kò kúrò lójú kan. "Sà," ó wí, "nǹkan kan ti kan gíláàsì kámẹ́rà yìí."

"Oyè," Collins wí.

Bọ́sẹ̀dé bẹ̀rẹ̀ oyè. Kó tó dé Ẹ̀rù tí í ba olè, Alága ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń kéde fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ pé òun ti tẹ ojú ọ̀run dó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bọ́sẹ̀dé lọ bá Alága lẹ́nu ọ̀nà, ó ka oyè náà látòkè délẹ̀ láìṣì ọ̀kan. Collins ní ó ku ọ̀kan, pé wọ́n ti fi Onílẹ̀ Ojú Ọ̀run kún un láàárọ̀. Ó padà wá lọ́sàn-án, ó kà á mọ́ ọn, Collins ní ó ku ọ̀kan, pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Ọ̀rẹ́ Òṣùpá kún un lẹ́yìn oúnjẹ. Lójú rẹ̀ báyìí ni wọ́n ti awò àti kámẹ́rà rẹ̀ mọ́ inú gbọ̀ngàn, wọ́n ní ó ti di ohun ìní ẹgbẹ́, Collins so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́rùn. Èyí dun Bọ́sẹ̀dé dọ́kàn. Ojú ọ̀run mọ́ kedere lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n tún mú iná lọ, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wo òkùnkùn dáadáa tó ń ṣòfò.

Ẹ wá wo Niger Street láti ìgbà náà. Alága ní kí wọ́n tẹ fọ́tò náà sára aṣọ ńlá, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn. Ó pàṣẹ pé ẹni tó bá ń kọjá níwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbójú sókè kó sì tẹríba lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dán an wò nínú ilé yín, ẹ máa rí ìdí tí àwọn èèyàn fi ń ṣubú sí gọ́tà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má dín àkàrà mọ́ tí oòrùn bá ti wọ̀, kí èéfín má baà ba ìṣùpọ̀ náà lójú jẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ṣe ìdúpẹ́, wọ́n sì ní kí wòlíì gbàdúrà fún àwọn ará wa tó ń gbé ibẹ̀. Wòlíì béèrè orúkọ wọn. Alága ní òun ò tíì yàn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yíyan yìí ni kò jẹ́ kó sùn. Lọ́jọ́ Sátidé, ó pe gbogbo ẹgbẹ́ jọ síwájú aṣọ náà, ó wọ agbádá méjì lé ara wọn.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó wí, "nígbà tí àwọn baba wa wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ọ̀ṣogbo, láti Ọ̀fà, láti Abẹ́òkúta, kí ni wọ́n bá ní Kano? Wọ́n bá ilẹ̀. Wọ́n kọ́ Sabon Gari, ìlú tuntun. Ṣùgbọ́n ìlú tuntun yìí ti gbó. Gọ́tà rẹ̀ ti kún. Lónìí, èmi, pẹ̀lú ojú tèmi, ti rí ìlú mìíràn tí kò ní gọ́tà, tí kò ní jẹnẹrétọ̀, tí onílẹ̀ kan kò tíì kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ta ló rí i? Èmi ni. Ta ló máa pín in?"

"Ẹ̀yin ni, sà," Collins wí.

Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Ìlà kọ̀ọ̀kan di òpópónà. Àárín gbùngbùn, ó fi í pamọ́ fún ara rẹ̀. Ilẹ̀ tó wà ní oríta, ó fún àwọn àna rẹ̀. Ìjọ Àládùúrà gba èyí tó tẹ́jú, àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ sì béèrè ibi tí mọ́tò á máa dúró. Mobọ́lájí ni ó fún ní etí fọ́tò, níbi tó ṣú dùdù, ó ní àbàtà ni, kí ó rọra máa da yanrìn sí i. Alice, ìyàwó Alága, fẹ́ mọ̀ bóyá omi wà níbẹ̀, nítorí mai ruwa tó ń ta omi fún wọn ti sú u. Alága ní òpópónà kẹta kún fún omi.

Ẹ máa rò pé àwọn èèyàn á fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín fún ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹ fún ọmọ èèyàn ní ilẹ̀, kódà kí ó jẹ́ èyí tí a fi ṣọ́ọ̀kì yà, kí ẹ wá wo bí ojú rẹ̀ ṣe máa yí padà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń wá wo ilẹ̀ wọn ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń nawọ́ sí i fún àlejò. Ọ̀kan gbé ìyàwó rẹ̀ tuntun wá, ó fi ibi tí ilé ìdáná máa wà hàn án. Rahinat ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé Kàdírì alásúyà ti nu ìlà ṣọ́ọ̀kì, ó tún un fà.

"Haba, Kàdírì," Rahinat wí. "Wallahi, o ti wọ ilẹ̀ mi."

"Madam, I no cross anything. Látibí dé ibí yìí ni Chairman fún mi. Ibẹ̀ ni màá gbé iná súyà mi sí."

"Kí èéfín ẹ máa wọ ilé mi? A cikin gidana? Rárá o."

Wọ́n gba ara wọn láṣọ mú. Àwọn tó wà ní òpópónà Rahinat gbè é, àwọn tó wà ní ti Kàdírì gba tiẹ̀, títí dé àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ tí wọ́n ní ẹnì kan ti kọ́ fẹ́ǹsì sí ibi tí mọ́tò máa dúró. Àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ti jọ ń jẹun láti kékeré ò kí ara wọn mọ́ ní Niger Street nítorí ààlà ojú ọ̀run. Ní ìkẹyìn, Rahinat ní kí wọ́n ya fọ́tò náà lọ́tun níwájú gbogbo èèyàn, kí ààlà lè hàn kedere. Gbogbo ilé gbà. Mobọ́lájí tilẹ̀ ní kí wọ́n yà á lọ́jọ́ ìdìbò gan-an. Inú Alága dùn sí i. Ta ni kò ní yan ẹni tó ń fi ojú ọ̀run hàn án?

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú, wọ́n gbé awò náà wá sí ìkángun àgbàlá gbọ̀ngàn, wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri kalẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń lo awò náà, nítorí náà wọ́n ránṣẹ́ pe Bọ́sẹ̀dé. Ó wá. Ó so okùn mọ́ ara okùn, ó kọ ojú awò sí ọ̀run. Ìṣùpọ̀ Alága yọ lára ògiri, ó tóbi ju ilé lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alága jókòó sórí àga rẹ̀, wọ́n tún un pa.

"Ẹ sún un díẹ̀ sí ọ̀tún," Rahinat wí. "Ilẹ̀ tèmi ni mo fẹ́ rí."

Bọ́sẹ̀dé sún awò sí ọ̀tún. Àwọn ìràwọ̀ kéékèèké tó wà lẹ́yìn kọjá lọ, ṣùgbọ́n ìṣùpọ̀ náà wà lójú kan.

"Sún un dáadáa, aunty," Kàdírì wí.

Ó sún un dáadáa. Awò náà kúrò lójú ọ̀run, ó kan àgbélébùú tó wà lórí ṣọ́ọ̀ṣì. Àgbélébùú yọ lára ògiri, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ sì wà lórí rẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ ní "Halleluyah," ohùn wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dá wọn lójú. Awò náà kan tánkì omi. Ìṣùpọ̀ wà lára tánkì. Ó kan aṣọ tí ẹnì kan sá sórí okùn, ìṣùpọ̀ wà lára ṣòkòtò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sí Chairman," Mobọ́lájí wí.

Bọ́sẹ̀dé yí awò sí àga. Ojú Alága kún ara ògiri, bó tilẹ̀ bàìbàì díẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ń yí po lójú rẹ̀, láti iwájú orí dé àgbọ̀n, wọ́n ń wọ àárín imú. Alága rí ojú ara rẹ̀. Ó fọwọ́ nu imú, kò kúrò.

"Ṣé orí imú Chairman ni ilẹ̀ tèmi wà?" Rahinat béèrè, ohùn rẹ̀ tutù.

Bọ́sẹ̀dé yọ kámẹ́rà, ó mú aṣọ funfun kékeré kan, ó fi nu gíláàsì inú rẹ̀, ó na aṣọ náà sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i. Ó pọ́n, ó ń tàn fún òróró. Kàdírì sún mọ́ ọn, ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì kún fún ayọ̀.

"Yájì tèmi nìyí," ó wí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti kọ ọ́ sára tábìlì rẹ̀ pé Súyà Tó Dé Ojú Ọ̀run.

Ẹ̀rín bú lágbàlá náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn ló rẹ́rìn-ín. Ẹni tó gbé ìyàwó tuntun wá ń sọ pé Bọ́sẹ̀dé ti fi aṣọ nu ilé ìdáná òun dànù, àti pé ó yẹ kí wọ́n fún òun ní ìwé ìfilọ̀ kó tó wó o. Bọ́sẹ̀dé dá kámẹ́rà padà sáyè rẹ̀. Ó ní kí wọ́n pa gbogbo iná àgbàlá. Ó dá awò padà sójú ọ̀run, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò, ó ń kó wọn lé ara wọn lórí. Ara ògiri dúdú, ìràwọ̀ díẹ̀díẹ̀ wà lára rẹ̀. Àwọn èèyàn ń dúró. Nígbà tó yá, ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní àárín, èéfín díẹ̀, kò tó èékánná.

"Ìyẹn nìkan?" Rahinat béèrè.

"Ìyẹn nìkan," Bọ́sẹ̀dé wí. Omi wà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Kó tó di pé ẹnikẹ́ni wà láyé ni ìmọ́lẹ̀ yẹn ti wà lójú ọ̀nà tó ń bọ̀. Mo ti ń wá a láti ọdún tó kọjá."

Àwọn èèyàn sún mọ́ ògiri. Alága pàápàá wò ó. Ó ṣe é bíi pé òun kéré, kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó rí Mobọ́lájí tó ń tún fìlà ṣe, ó sì dìde.

"Òfin ńkọ́?" ó wí. "Collins, ka òfin."

Collins ka òfin pé àfi ẹni tó bá ṣe ohun tí ọmọ òpópónà yìí kankan kò ṣe rí.

"Ó dáa," Alága wí, ó na àtàǹpàkò sókè. "Mo tẹ̀ ẹ́ tàbí n ò tẹ̀ ẹ́? Mo tẹ̀ ẹ́. Ta ni nínú yín, bóyá ní Niger Street, bóyá nínú baba yín tàbí ìyá yín, ló ti fi ọwọ́ súyà kan gíláàsì kámẹ́rà rí, tó sì rí ìlú níbẹ̀? Kí ẹni náà dìde. Ẹ rí i pé kò sí. Ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ á fi mọ́, òfin ò sọ pé kí ohun náà ní ọgbọ́n nínú. Sáà kẹta ti di tèmi."

Wọ́n ní kí Collins tún òfin náà kà, ó tún un kà. Wọ́n wojú ara wọn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ibi tí òfin parí sí nìyẹn, ọkùnrin náà sì wí òótọ́. Mobọ́lájí ṣí fìlà rẹ̀, ó họ orí. Alága ti padà jókòó sórí àga, Collins sì ti ṣí ìgò omi rẹ̀ láti ka oyè sáà tuntun.

Ìgbà náà ni Bọ́sẹ̀dé dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka oyè. Ó ka Olóyè Alàgbà Alága, ó ka Òpó àti Fìtílà àti Baba, ó ka Ọgbọ́n àti Ẹ̀rù àti Kánsẹ́lọ̀ ọ̀la, ó ka Onílẹ̀ Ojú Ọ̀run àti Ọ̀rẹ́ Òṣùpá, ó sì fi èyí tí wọ́n fi kún un lọ́jọ́ náà gan-an, tí Collins ti kéde nígbà tí Alága wọlé, parí rẹ̀. Collins ń fi ọwọ́ kà á tẹ̀ lé e. Ó pé. Alága mọ òfin ara rẹ̀, ó di dandan kó gbọ́ ọ dópin.

"Sà," Bọ́sẹ̀dé wí, "èmi ti ṣe é kí ẹ tó ṣe é. Lọ́dún tó kọjá, mo ń ti ìdí ọbẹ̀ bọ̀, mo fi ọwọ́ epo kan gíláàsì yẹn kan náà. Bí ẹ ṣe rí ìlú yẹn, bẹ́ẹ̀ lèmi náà rí i, ó kún ojú kọ̀ǹpútà mi báyìí."

"Kí lo wá ṣe?" Mobọ́lájí béèrè.

"Mo nù ún, mo sì lọ sùn."

Alága wo Collins. Collins gbé ìgò omi náà sẹ́nu, ó mu ún tán fúnra rẹ̀, ó dé e. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ sétí àga, ó sì sọ ọ̀rọ̀ ti ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí, "ẹ dìde."